Òpópónà Tí Kò Gbọdọ̀ Yí Padà

Tí ẹ bá rí mi tí mo ń já àpò èédú sílẹ̀ látinú ọkọ̀ ìjọba, ẹ má rò pé èédú ni mò ń tà. Òṣìṣẹ́ ìjọba ni mí, pẹ̀lú káàdì lọ́rùn. Iṣẹ́ tí wọ́n gbà mí fún ni pé kí n máa wò ó bóyá ètò tí ìjọba ṣe láti dín èéfín kù ń ṣiṣẹ́ ní tòótọ́, àbí ariwo lásán ni. Ẹ wá sọ fún mi o, ẹ̀yin tí orí yín pé: báwo ni irú iṣẹ́ yìí ṣe wá di kíkó èédú fún ìyá ẹni?

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí. Ìjọba ní ooru ti ń pọ̀ jù láyé, èéfín ló sì fà á. Wọ́n ní àwọn á gbé sólà sórí òrùlé, àwọn á pín sítóòfù iná àti áyọ́ọ̀nù iná fáwọn èèyàn, kí gbogbo ilé lè jáwọ́ nínú èédú àti jẹnẹrétọ̀. Ètò tó dáa ni, inú mi sì dùn sí i. Àmọ́ kí wọ́n tó gbé e káàkiri ìlú, wọ́n ní kí ọ́fíìsì wa kọ́kọ́ dán an wò ní òpópónà kan, ká wá fi òpópónà náà wé òmíràn tí wọn ò fún ní nǹkan kan. Èyí tí wọ́n fún là ń pè ní Tí-A-Fún. Èkejì là ń pè ní Ìfiwéra. Ìyẹn náà bọ́gbọ́n mu. Bí a ò bá ní ohun tí a máa fi wé e, báwo la ṣe máa mọ̀ bóyá ètò yẹn ló dín èéfín kù, àbí òjò ló rọ̀ tí èéfín fi lọ?

Ọ̀gá wa ló yan òpópónà méjèèjì. Ẹ̀rí-Dà là ń pè é lẹ́yìn, nítorí kò sí ohun tí èèyàn máa bá a sọ tí kò ní béèrè pé, "Ẹ̀rí dà?" Bí ẹ bá kí i pé ẹ káàárọ̀, á kọ́kọ́ yọjú lójú fèrèsé kó tó dáhùn. Ó kọ orúkọ òpópónà méjì sí bébà, ó ká wọn, ó jù wọ́n sínú ife tíì rẹ̀, ó dijú, ó sì fa ọ̀kan yọ. Èyí tó fà yọ ló di Tí-A-Fún. Èyí tó kù sínú ife ni òpópónà ìyá mi.

"Ọ̀gá," mo ní, "ìyá mi ń gbé níbẹ̀ o. Alágbàfọ̀ ni. Àtàárọ̀ dalẹ́ ló ń fi áyọ́ọ̀nù eléèédú lọ aṣọ oníbàárà, àyà rẹ̀ ò sì dáa mọ́."

Ojú Ẹ̀rí-Dà tàn yòò. "Ó mà dáa o! A jẹ́ pé ìwọ ni wàá máa ṣọ́ ibẹ̀ nìyẹn. Wọ́n mọ̀ ẹ́, wọn ò ní lé ẹ. Kò gbọdọ̀ sí ohun kan tó máa yí padà ní òpópónà yẹn títí a ó fi parí iṣẹ́. Ohunkóhun! Ṣé o gbọ́?"

Mo ní mo gbọ́. Ohun tí mo rò pé ó ń sọ ni pé ká má fún wọn ní nǹkan. Mi ò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ọkùnrin náà jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Nígbà tí mo dé ọ̀dọ̀ Màmá, ó ń fẹ́ná sí èédú nínú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ tó fara ti ilé. Ṣọ́ọ̀bù ọ̀hún ò tóbi rárá: tábìlì kan tó fi bùláńkẹ́ẹ̀tì bò, okùn tó ta láti ògiri dé ògiri tó ń fi aṣọ kọ́, abọ́ omi tó fi ń wọ́n aṣọ kó tó lọ̀ ọ́, àti fèrèsé kan ṣoṣo tí kì í ṣí tán. Mo ṣàlàyé gbogbo rẹ̀ fún un. Ó fetí sílẹ̀, ó wá wò mí láti òkè délẹ̀.

"Ìyẹn ni pé ìwọ tí mo bí wà níbi tí wọ́n ti ń pín nǹkan, wọ́n wá fo ìyá ẹ dá?"

"Wọn ò fò yín dá, Màmá. Ẹ̀yin ni ìfiwéra."

"Kí ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀?"

"Àwọn tí a ò fún ni. Ká lè mọ bó ṣe dáa tó fáwọn tí a fún."

"Háà! Kí èmi máa jẹ̀yà, kí wọ́n lè rí i kedere pé ẹlòmíràn ń gbádùn?"

Màmá tẹ́ ẹ̀wù kan sórí tábìlì, ó wúkọ́, ó nu ẹnu, ó wá bi mí pé, "Bí nǹkan ò bá yí padà níbí, ṣé iṣẹ́ ẹ máa dúró?"

"Á dúró, Màmá."

"Ó ti parí náà nìyẹn. Jókòó, kí o mu omi."

A wá fi ẹ̀rọ kékeré kan kọ́ sára ògiri ní òpópónà méjèèjì, ilé kan ò gbẹ́yìn. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa gbóòórùn èéfín. Bí èéfín bá pọ̀, iná ara rẹ̀ á pọ́n. Bí kò bá sí, á di àwọ̀ ewé. Imú là ń pè é. Ẹ wo ìjọba tí kò lè wá bẹ èèyàn wò, tó wá fi imú ránṣẹ́.

Káfíńtà tó ń gbé ní òdìkejì ṣọ́ọ̀bù Màmá ló kọ́kọ́ dá wàhálà sílẹ̀. Ó fi owó ara rẹ̀ ra sólà, ó gbé e gun òrùlé, ó pa jẹnẹrétọ̀ rẹ̀. Imú ara ògiri rẹ̀ di àwọ̀ ewé. Kí oòrùn tó wọ̀ lọ́jọ́ yẹn, Ẹ̀rí-Dà ti dé pẹ̀lú tapólì.

"Ẹ bo nǹkan yẹn."

"Kí ló ṣẹlẹ̀?" ni Káfíńtà bi í. "Mo jí i ni?"

"Ta ló ní ẹ jí i? Ìfiwéra lẹ jẹ́. Bí ẹ bá lọ ń dá èéfín yín dín kù fúnra yín, báwo la ṣe máa mọ ohun tí ìjọba ṣe?"

"Owó mi ni mo fi rà á o, ọ̀gá."

"Wàhálà ibẹ̀ gan-an nìyẹn."

Káfíńtà fàáké kọ́rí. Ó ní wọ́n á kọ́kọ́ bo òun kí wọ́n tó bo sólà òun. Ẹ̀rí-Dà ò bá a fa ọ̀rọ̀. Ó kàn ní kí wọ́n gbé kẹ́ẹ̀gì bẹntiróòlù kan sọ̀kalẹ̀, pé ọ́fíìsì á máa gbé irú rẹ̀ wá ní ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀, ọ̀fẹ́ ni, kí jẹnẹrétọ̀ lè máa pariwo bó ṣe ń pariwo tẹ́lẹ̀. Káfíńtà wo kẹ́ẹ̀gì, ó wo òrùlé, ó tún wo kẹ́ẹ̀gì. Ó gba tapólì lọ́wọ́ ọ̀gá, ó sì gun àkàbà lọ bò ó fúnra rẹ̀. Ẹnu mi ò lè pa dé.

Láti ìgbà náà ni gbogbo ilẹ̀kùn tí ọ̀rọ̀ wèrè lè gbà wọlé ti ṣí sílẹ̀. Ìyàwó Káfíńtà gbin igi kékeré kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé, Ẹ̀rí-Dà ní kí wọ́n hú u, pé òjìji náà ìyípadà ni. Ilẹ̀kùn kan tó ti là tẹ́lẹ̀ já bọ́, ọ́fíìsì ra òmíràn, wọ́n ní kí Káfíńtà là á níbi tí ti àkọ́kọ́ ti là. Nígbà tí ọmọ Káfíńtà bẹ̀rẹ̀ sí í rìn, mo rí bí Ẹ̀rí-Dà ṣe ń wò ó tìfura-tìfura. Kò kàn rí òfin tó máa fi dá ọmọ ọlọ́mọ jókòó ni.

Ẹ ò wá ní bi mí léèrè Tí-A-Fún? Mo lọ síbẹ̀. Wọ́n ti gbé sólà sórí gbogbo òrùlé lóòótọ́, ó ń dán gbinrin. Wọ́n ti fi iná rẹ̀ gbé tẹlifíṣọ̀n àti fíríìsà. Àmọ́ ẹ̀yìnkùlé ni wọ́n ti ń dáná, lórí èédú. Ìyá kan mú mi wọ pálọ̀ lọ wo sítóòfù iná tirẹ̀: ó ti fi aṣọ funfun bò ó, ó gbé fọ́tò ọkọ rẹ̀ lé e lórí.

"Ẹ ò fi dáná ni, Màmá?" ni mo bi í.

"Irú nǹkan tó rẹwà báyìí? Kí ọbẹ̀ wá ta sí i lára? Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́."

Kò sẹ́ni tó padà wá kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń lò ó. Wọ́n pín in, wọ́n ya fọ́tò, wọ́n lọ. Èéfín ibẹ̀ dín díẹ̀, kì í ṣe ohun tí èèyàn máa torí ẹ̀ kan ilẹ̀kùn mínísítà. Mo kọ gbogbo rẹ̀ bẹ́ẹ̀, mo gbé e fún Ẹ̀rí-Dà. Inú rẹ̀ ò dùn.

Àárín ìgbà náà ni èédú wọ́n gógó. Màmá ò lè rà á bíi ti tẹ́lẹ̀, ó wá ń gba aṣọ díẹ̀, ó sì ń jókòó síta gba atẹ́gùn. Ikọ́ rẹ̀ rọlẹ̀. Ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, mo mọ̀ pé ara ti ń yá. Ṣùgbọ́n Imú ti lọ sọ. Lọ́jọ́ Ajé, Ẹ̀rí-Dà pè mí.

"Èéfín ìyá ẹ ti ń lọ sílẹ̀."

"Èédú ló wọ́n, sà."

"Ká gbé e lọ fún un. Lọ́fẹ̀ẹ́. Kó máa jó bó ṣe ń jó."

"Ọ̀gá, ẹ gbọ́ ohun tí ẹ ń sọ! Ètò láti dín èéfín kù là ń ṣe, ẹ wá ní kí n lọ fi èédú ṣaájò ìyá mi?"

"Bí kì í bá ṣe ìwọ, ẹlòmíràn á gbé e. Á sì gba tábìlì ẹ náà."

Mo gbé àpò èédú dúró sẹ́nu ọ̀nà Màmá, mo ń sunkún. Màmá wo àpò, ó wo ọkọ̀ ìjọba, ó wo káàdì ọrùn mi. "Gbé e wọlé," ó ní. "Ìgbà wo ni ìjọba ti fún mi ní nǹkan rí?"

Ó ń ṣe àwàdà, àmọ́ ikọ́ kò mọ àwàdà. Kò pẹ́ tó fi di pé kò lè sọ gbólóhùn kan délẹ̀ láìdúró mí. Mo fà á lọ sọ́dọ̀ dókítà. Dókítà gbọ́ àyà rẹ̀ níwájú, ó gbọ́ ọ lẹ́yìn, ó bi í ní iṣẹ́ tó ń ṣe, ó sì kọjú sí mi. "Bí ẹ ò bá mú ìyá yín kúrò nínú èéfín, lọ́jọ́ kan, á fa èémí sínú, kò ní rí i fà síta. Mi ò sọ ọ́ láti dẹ́rù bà yín."

Tààrà ni mo gba ọ́fíìsì lọ. Mo ka ọ̀rọ̀ dókítà sétí Ẹ̀rí-Dà. Ṣé ẹ mọ ohun tí ọkùnrin yìí ṣe? Ó dìde, ó sì pàtẹ́wọ́!

"Àṣeyọrí nìyẹn! Ìyàtọ̀ ti wà! Ìfiwéra ń wúkọ́ ju Tí-A-Fún lọ ní ìlọ́po-ìlọ́po. Ètò yìí ń ṣiṣẹ́! Fọ́tò ìyá ẹ la máa fi sójú ìwé àkọ́kọ́. Mínísítà fúnra rẹ̀ máa wá wò ó."

"Ọ̀gá, kì í ṣe pé Tí-A-Fún ń dáa sí i. Ìfiwéra ni à ń bà jẹ́. Àwa la ń gbé èéfín lọ fún wọn!"

"Ẹ̀rí dà?"

Mo nawọ́ sójú fèrèsé, síbi tí àwọn àpò èédú to sí lẹ́yìn ọkọ̀ wa bí ẹní ń lọ sọ́jà.

"Ìyẹn kì í ṣe ẹ̀rí," ó ní. "Ohun èlò iṣẹ́ ni."

Inú bí mi débi pé ojú mi ṣú. Lọ́jọ́ yẹn náà ni mo lọ kó ẹrù Màmá, mo ti ṣọ́ọ̀bù pa, mo sì mú un wá sí yàrá mi. Mo ra áyọ́ọ̀nù iná fún un. Ó ní kò wúwo tó, kò ní agbára lára, pé aṣọ ò lè bẹ̀rù irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Mo ní kó máa lò ó bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀rí-Dà fẹ́rẹ̀ẹ́ fa aṣọ ara rẹ̀ ya. Imú ṣọ́ọ̀bù Màmá ti di àwọ̀ ewé, mínísítà sì ń bọ̀. Ó ní òpópónà ò pé mọ́, pé ikọ́ kan ti sọnù. Àwọn kan láti Tí-A-Fún gbọ́, wọ́n wá tò síwájú ọ́fíìsì, wọ́n ní àwọn fẹ́ bá wa wúkọ́, kí àwọn náà lè máa gba èédú ọ̀fẹ́. Ẹ̀rí-Dà lé wọn, ó ní wọ́n ti jẹ oore ìjọba, wọn ò lè di ìfiwéra mọ́.

"Ìyá ẹ ló gbọ́dọ̀ padà," ó sọ fún mi. "Tàbí ẹni tó sún mọ́ ọn jù lọ. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, èmi fúnra mi ni mo máa lọ bẹ̀ ẹ́ nílé ẹ. Màá sọ fún un pé iṣẹ́ ẹ ló ń lọ yẹn."

Mo mọ ìyá mi. Bó bá gbọ́ ìyẹn, kí Ẹ̀rí-Dà tó parí ọ̀rọ̀, Màmá á ti wà lójú ọ̀nà, pẹ̀lú bùláńkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ lábẹ́ apá. "Ẹ fi èmi síbẹ̀," mo ní.

Bí mo ṣe di ìyá ara mi nìyẹn. Àràárọ̀ ni mò ń dágbére fún Màmá pé mo ń lọ ọ́fíìsì, màá sì lọ jókòó sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, màá fẹ́ná sí èédú, màá máa lọ aṣọ tí ọ́fíìsì mọ̀ọ́mọ̀ rún kí n lè rí nǹkan lọ̀. Imú tún pọ́n. Akọ̀wé wa, obìnrin kan tó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ ju gbogbo wa lọ, tá a jọ ń jẹun ọ̀sán, wá bi mí ní àwọn ìbéèrè tó máa ń bi àwọn ará òpópónà ní ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀.

"Ẹ káàárọ̀, Ìyá. Ṣé ẹ wúkọ́ lọ́sẹ̀ yìí?"

"Orí ẹ pé báyìí? Èmi mà ni!"

"Mo mọ̀. Àmọ́ Ìyá ni wọ́n kọ síbí. Ṣé ẹ wúkọ́, Ìyá?"

Mo fẹ́ bú u. Ikọ́ ló jáde.

Ikọ́ náà tẹ̀ lé mi délé. Mo ń fi omi lé e, mo ń kọrin bò ó mọ́lẹ̀ nínú balùwẹ̀. Màmá gbá aṣọ iṣẹ́ mi mú láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó gbé e símú, ó sì rọra gbé e padà sórí àga.

Ọjọ́ tí mínísítà dé, èèyàn kún òpópónà. Mínísítà dúró sẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, ó fi áńkáṣíìfù bo imú. Ẹ̀rí-Dà ń ṣàlàyé bí ẹní ń ta ilẹ̀. "Ọlọ́lá jù lọ, ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí àwọn tí a ò fún nìyí." Akọ̀wé bi mí ní ìbéèrè rẹ̀. Mi ò tíì yanu tán tí ikọ́ fi gbá mi mú, ó tẹ̀ mí lórí tábìlì, omi jáde lójú mi. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Wọ́n pàtẹ́wọ́ gidi.

"Ta ló ń wúkọ́ bẹ́ẹ̀?"

Ohùn Màmá ni. Àwọn èèyàn yà fún un. Ó gba ẹ̀gbẹ́ mínísítà kọjá bí ẹní gba ẹ̀gbẹ́ àga kọjá.

"Dìde níbẹ̀," ó ní fún mi.

"Màmá, ẹ máa lọ, èéfín..."

"Mo ní dìde!"

Ó ṣí áyọ́ọ̀nù, ó gbé abọ́ omi tó fi ń wọ́n aṣọ, ó sì da gbogbo rẹ̀ lé èédú. Ariwo rẹ̀ ta ṣàà, eérú fò mọ́ aṣọ mínísítà. Ẹ̀rí-Dà káwọ́ lérí. "Màmá, ẹ ti bà á jẹ́! Gbogbo iṣẹ́ wa!"

"Iṣẹ́ wo?" Màmá ní láti dúró mí kó tó lè sọ ọ́ tán. "Nígbà tó jẹ́ pé àyà tèmi ni, mo ní kó máa lọ bẹ́ẹ̀, ọmọ mi ń jẹun níbẹ̀. Mi ò bí i kí ẹ lè wá dáná sun ún."

Lódìkejì, Káfíńtà ti gun òrùlé, ó ń ká tapólì, kò wojú ẹnikẹ́ni. Ẹnì kan pa jẹnẹrétọ̀, òmíràn náà pa tirẹ̀. Àwọn Imú bẹ̀rẹ̀ sí í di àwọ̀ ewé láti ògiri dé ògiri. Mínísítà ń wò wọ́n, ó yọ áńkáṣíìfù kúrò nímú.

"Èyí mà yá ju tiwa lọ," ó ní. "Ètò wo lẹ lò níbí?"

Ẹ̀rí-Dà wo ìwé ọwọ́ rẹ̀, ó wo ojú Màmá. "Ìyá ni, sà."

"Èélòó ni ọ̀kan? Mélòó la lè rí kó jáde kí ọdún yìí tó parí?"

Gbogbo wọn yíjú sí Màmá. Ó di ọwọ́ mi mú. "Ẹ lọ bi ìyá yín," ó ní, ó sì fà mí jáde.

Lẹ́yìn wa, mo gbọ́ tí Ẹ̀rí-Dà ń kọ ọ́ sílẹ̀, tó ń pè é bó ṣe ń kọ ọ́: ẹ, lọ, bi, ìyá, yín.

A ò tíì rìn jìnnà tí ikọ́ fi dá Màmá dúró. Ó fara ti ògiri, mo di ẹ̀yìn rẹ̀ mú. Èmi náà ń wúkọ́. Nígbà tó rọlẹ̀, ó nu ojú mi kó tó nu tirẹ̀.

"Iṣẹ́ yẹn ńkọ́?" ó bi mí.

"Ó ti lọ, Màmá."

"Kó máa lọ." Ó mí kanlẹ̀, ó gbìyànjú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i, èémí náà wọlé, ó sì jáde. "Wàá máa bá mi ká aṣọ. Àmọ́ o ò mọ aṣọ ká o, mo kúkú mọ̀."